Alárinà Òdòdó: Iṣẹ́ Àdàpọ̀ Kákítọ́ọ̀sì àti Ohun Tí Ó Ń Mú Un Tanná

Kákítọ́ọ̀sì jẹ́ ẹbí ewéko tí ó ní nǹkan bí ẹ̀yà 1,500, tí gbogbo wọn, àfi ẹyọ kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan, láti Kánádà ní àríwá títí dé Patagonia ní gúúsù. Ẹyọ kan tí ó yàtọ̀ náà ni Rhipsalis baccifera, tí ó máa ń rọ̀ dirodiro lára igi ńlá, tí ó sì tún wà nínú igbó ilẹ̀ Áfíríkà, ní Madagásíkà àti ní Sri Lanka. Ọrọ́ tí àwọn Yorùbá mọ̀, tí oje funfun rẹ̀ máa ń ta ènìyàn lójú, kì í ṣe kákítọ́ọ̀sì bí ó tilẹ̀ jọ ọ́ ní ìrísí. Ẹbí mìíràn ni. Ohun tí ó fi ìyàtọ̀ wọn hàn kedere ni pé lára kákítọ́ọ̀sì, ẹ̀gún àti òdòdó jọ ń jáde láti inú àwọn ojú kéékèèké tí ó ní irun múlọ́múlọ́, ọrọ́ kò sì ní irú ojú bẹ́ẹ̀.

Láàárín ẹbí ńlá yìí ni àwọn olùtọ́jú ọgbà ti ń mú ẹ̀yà kan pọ̀ mọ́ òmíràn láti nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì ń rí ọmọ tí irú rẹ̀ kò sí nínú igbó kankan. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní kákítọ́ọ̀sì àdàpọ̀, ìyẹn ni ewéko tí irúgbìn rẹ̀ wá láti inú òdòdó ẹ̀yà kan tí ó gba lẹ́búlẹ́bú, èyí tí í ṣe àtọ̀ òdòdó, láti ara ẹ̀yà mìíràn. Òdòdó rẹ̀ lè fẹ̀ tó àwo ìjẹun, ó lè ní àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta nínú ewé òdòdó kan ṣoṣo, ìdí sì nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń wá a kiri. Síbẹ̀, ẹwà nìkan kò sọ iyì irú ewéko yìí tán. Ẹni tí ó ń ṣe àdàpọ̀ dàbí alárinà láàárín ìdílé méjì: iyì iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó mọ ìdílé méjèèjì dájú, kí ó sì lè sọ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ibi tí ọmọ náà ti ṣẹ̀ wá.

Ìdí tí àdàpọ̀ fi ṣeé ṣe

Nínú igbó, ohun tí ó ń ya ẹ̀yà kan kúrò lára èkejì kì í sábà jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò bára mu, bí kò ṣe ibi tí oníkálukú ń gbé, àsìkò tí ó ń tanná, àti ẹ̀dá tí ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kiri. Echinopsis eyriesii, tí ilé rẹ̀ wà ní gúúsù Bràsíl, ní Úrúgúwè àti ní Ajẹntínà, ní òdòdó funfun tí ọ̀pá rẹ̀ gùn, tí ó máa ń ṣí nírọ̀lẹ́, tí ó sì ń ta òórùn dídùn kí àfòpiná lè rí i lóru. Àwọn ìbátan rẹ̀ tí a mọ̀ sí Lobivia ń gbé lórí òkè Andes ní Perú, Bòlífíà àti Ajẹntínà. Òdòdó tiwọn kúrú, ó sábà máa ń pupa tàbí kí ó ní àwọ̀ ìyeyè, ọ̀sán ni ó sì ń ṣí fún oyin àti fún àwọn ẹyẹ tín-ín-tìn-tín tí ń fa omi adùn inú òdòdó. Nígbà tí ọ̀kan bá ń ṣí ni èkejì ń pa dé, òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ sì là wọ́n láàárín, nítorí náà lẹ́búlẹ́bú wọn kì í bá ara wọn pàdé.

Bí ènìyàn bá wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbé lẹ́búlẹ́bú láti ara ọ̀kan lọ sí ara èkejì, irúgbìn sábà máa ń mú, nítorí pé ìbátan wọn súnmọ́ra. Kúrómósómù, ìyẹn àwọn fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tí ó ń ru àbùdá ìran, jẹ́ 22 nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kákítọ́ọ̀sì, 11 láti ọ̀dọ̀ ìyá àti 11 láti ọ̀dọ̀ bàbá, iye tí ó bára mu yìí sì ni ó fi ń ṣeé ṣe fún àwọn ẹ̀yà tí ìrísí wọn jìnnà síra láti bímọ pọ̀. Ìdènà méjì ni ó ṣe pàtàkì kí ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀. Èkíní ni pé ọ̀pọ̀ kákítọ́ọ̀sì kì í gba lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé ẹ̀ka mẹ́wàá láti ara ìdí kan ṣoṣo, tí ó sì gbìn ín sí ìkòkò mẹ́wàá, ewéko kan náà ni ó ṣì ní, wọn kò sì ní lè fún ara wọn lóyún. Ìdènà kejì ni ìyàtọ̀ nínú iye kúrómósómù. Selenicereus megalanthus, tí èso rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè wà lára àwọn èso tí wọ́n ń pè ní dragon fruit, ní kúrómósómù 44, nígbà tí Selenicereus undatus, tí èso rẹ̀ pupa lẹ́yìn tí ó sì funfun nínú, ní 22. Ní Yunifásítì Ben-Gurion, ní agbègbè aginjù Negev ní Ísírẹ́lì, Yosef Mizrahi, Avinoam Nerd, Noemi Tel-Zur àti àwọn akẹgbẹ́ wọn mú àwọn ẹ̀yà tí iye kúrómósómù wọn yàtọ̀ báyìí pọ̀, wọ́n sì rí ọmọ tí ó ní 33, iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, tí ó sì máa ń dín irúgbìn rere kù nínú ewéko.

Àwọn tí ó la ọ̀nà

Láti àwọn ọdún 1830 ni àkọsílẹ̀ ti wà nípa olùtọ́jú ọgbà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Mallison, tí ó mú kákítọ́ọ̀sì ẹlẹ́ka gígùn tín-ín-rín tí ń rọ̀ sílẹ̀, Aporocactus flagelliformis, pọ̀ mọ́ Disocactus speciosus olódòdó pupa ńlá, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ọmọ tí ó bí ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní àwọn ọdún 1840, William Buckley, ní ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn Rollisson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, mú ẹ̀yà méjì tí ó wá láti orí àwọn òkè ìtòsí Rio de Janeiro pọ̀, ìyẹn Schlumbergera truncata àti Schlumbergera russelliana. Schlumbergera × buckleyi ni orúkọ ọmọ náà, òun sì ni àwọn ìdílé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń pè ní kákítọ́ọ̀sì Kérésìmesì, nítorí pé ìgbà òtútù wọn ni ó ń tanná. Ìdí kan lè wà nínú ilé kan kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì jogún rẹ̀.

Ní Jámánì ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ lẹ́yìn èyí. Curt Knebel bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún àdàpọ̀ nínú ìran Epiphyllum, àwọn kákítọ́ọ̀sì inú igbó kìjikìji tí ara wọn pẹlẹbẹ bí ewé, tí wọ́n sì ń gbé lórí ẹ̀ka igi. Robert Gräser, olùkọ́ ní ìlú Nuremberg, gbájú mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ débi pé àwọn onímọ̀ ewéko fi orúkọ rẹ̀ pe àdàpọ̀ kan tí òbí rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ti Bràsíl, Hatiora × graeseri. Ní Amẹ́ríkà, Harry Johnson ní ìlú Paramount, ní Kalifọ́níà, da ìran Echinopsis olódòdó òru pọ̀ mọ́ Lobivia olódòdó ọ̀sán, ó sì rí òdòdó tí ó gùn bíi ti ìyá, tí ó sì ní àwọ̀ bíi ti bàbá. Orí àwọn ọmọ Johnson yìí ni Bob Schick ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ọgbà Huntington ní San Marino, ní Kalifọ́níà, ni ó sì ti pín àwọn àdàpọ̀ rẹ̀ bí 'Los Angeles', 'Cabaret' àti 'Antimatter' fún àwọn olùfẹ́ ewéko. Ní ìlú Tucson ní Arizona, Mark Dimmitt, onímọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ ní Arizona-Sonora Desert Museum, mú àwọn Trichocereus abara-gíga pọ̀ títí ó fi rí 'Flying Saucer', tí òdòdó rẹ̀ lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20.

Ìtàn Luther Burbank (1849–1926) yàtọ̀ sí ti àwọn wọ̀nyí, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì wúwo. Kì í ṣe òdòdó ni ó ń wá bí kò ṣe oúnjẹ màlúù: ní Santa Rosa, ní Kalifọ́níà, ó mú oríṣiríṣi Opuntia pọ̀ láti rí èyí tí kò lẹ́gùn-ún, kí àwọn darandaran inú aginjù lè rí ohun tí wọn yóò fi bọ́ ẹran wọn, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1907 láti fi tà á. Àwọn tí ó rà á rí i pé ewéko tí kò lẹ́gùn-ún kò ní ohun tí yóò fi gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹranko, nítorí náà àfi kí wọ́n ṣe ọgbà yí i ká. Nígbà tí àjọ Carnegie, tí ó ń fi owó ràn án lọ́wọ́, rán onímọ̀ ìjìnlẹ̀ George Shull láti kọ ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ náà nira gan-an, nítorí pé Burbank kì í ṣe àkọsílẹ̀ tí ó péye. Ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ojú rẹ̀ sì mọ ewéko, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí ó mọ̀ bá a lọ.

Ibi tí àwọ̀ ti ń wá

Ohun tí ó ń kun òdòdó kákítọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun kan náà tí ó ń kun òdòdó ọ̀pọ̀ ewéko mìíràn. Áńtósáyánì ni ó ń fún ọ̀pọ̀ òdòdó ní àwọ̀ pupa, àlùkò àti aró, ṣùgbọ́n kákítọ́ọ̀sì kò ní in. Bẹ́tálénì ni tirẹ̀, èyí tí ó pín sí oríṣi méjì, ọ̀kan pupa tí ó fẹ́ jọ àlùkò, èkejì aláwọ̀ ìyeyè tàbí aláwọ̀ ọsàn. Àwọn onímọ̀ kò rí ewéko kan tí ó ń pèsè áńtósáyánì àti bẹ́tálénì pọ̀. Ohun àkíyèsí fún ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni pé ẹbí ọ̀nà jíjìn ni kákítọ́ọ̀sì jẹ́ sí tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, àti pé bẹ́tálénì ni àwọ̀ pupa tí ń yọ sínú omi nígbà tí wọ́n bá bọ tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́wé pupa.

Nítorí náà, ẹni tí ó ń ṣe àdàpọ̀ ń fi oríṣi àwọ̀ méjì péré ṣiṣẹ́, ó ń fi ọ̀kan kún èkejì, ó ń dín ọ̀kan kù, bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń rí funfun, píǹkì, pupa fòò, àwọ̀ ọsàn, ìyeyè àti àlùkò. Àwọ̀ aró gidi ni kò sí lára ohun tí ẹnikẹ́ni ti bí, ẹni tí wọ́n bá sì fi kákítọ́ọ̀sì olódòdó aró lọ̀ lọ́jà níláti mọ̀ pé ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún. Àwọ̀ ìyeyè náà kò rọrùn nínú gbogbo ìran. Ọ̀rúndún 20 ti fẹ́ parí kí kákítọ́ọ̀sì Kérésìmesì olódòdó ìyeyè àkọ́kọ́, 'Gold Charm', tó ti ọwọ́ R. L. Cobia jáde ní Florida. Kì í lè so irúgbìn, nítorí náà ẹ̀ka gígé nìkan ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Nínú irú àwọn olódòdó ìyeyè bẹ́ẹ̀, bí òtútù bá mú ewéko náà nígbà tí ó ń rudi, píǹkì máa ń wọ inú ìyeyè rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé àbùdá ìran àti ojú ọjọ́ ni wọ́n jọ ń pinnu àwọ̀.

Láti orí òdòdó dé orí irúgbìn

Iṣẹ́ àdàpọ̀ gan-an kò ju wákàtí díẹ̀ lọ, nítorí pé òdòdó ọ̀pọ̀ Echinopsis kì í kọjá ọjọ́ kan tàbí méjì kí ó tó rọ. Olùṣàdàpọ̀ yóò ti kọ́kọ́ yan ìyá àti bàbá pẹ̀lú ìdí kan pàtó: bóyá ó fẹ́ kí ọmọ kéré bí ìyá, kí ó sì ní àwọ̀ bàbá, tàbí kí òdòdó rẹ̀ pẹ́ kí ó tó rọ. Bí òdòdó ìyá bá ti fẹ́ ṣí, yóò fi àlùmọ́gàjí kékeré gé àwọn okùn tí lẹ́búlẹ́bú ń jókòó lé kúrò nínú rẹ̀, yóò sì fi aṣọ àwọ̀n bò ó kí oyin má bàa ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ẹnu abo òdòdó náà bá là, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ kun lẹ́búlẹ́bú bàbá sí i lára. Bí àwọn méjèèjì kò bá tanná lásìkò kan náà, ó lè gbẹ lẹ́búlẹ́bú bàbá dáadáa, kí ó fi í sínú àpò ìwé kékeré, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì tàbí inú ẹ̀rọ amúǹkandì títí di ìgbà tí ìyá yóò ṣí.

Lẹ́yìn èyí, kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, yóò so pátákó kékeré mọ́ ìdí òdòdó náà, yóò kọ orúkọ ìyá síwájú, àmì ×, orúkọ bàbá lẹ́yìn, àti ọjọ́ tí ó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́, ìyá ni ó sì ń ṣáájú. Èso Echinopsis máa ń là fúnra rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ti Epiphyllum lè wà lórí ìyá rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó pọ́n. Wọ́n á fọ irúgbìn náà, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì fọ́n ọn sórí iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti sè tàbí yan kí èbu má bàa mú un, wọ́n á fi ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá bò ó, wọ́n á sì gbé e síbi tí ooru rẹ̀ wà láàárín 20 sí 30 lórí ìwọ̀n Celsius, níbi tí oòrùn kò ti ní lù ú tààrà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ti hù.

Láti ìgbà yìí ni sùúrù bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Echinopsis lè tanná ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, ti Trichocereus àti ti Epiphyllum sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan máa ń ké ọ̀nà yìí kúrú nípa lílọ́, ìyẹn ni pé wọ́n á gé orí ọmọ kékeré náà, wọ́n á sì gbé e lé orí Pereskiopsis, kákítọ́ọ̀sì eléwé kan tí ó ń yára dàgbà, kí agbára gbòǹgbò rẹ̀ lè ti ọmọ náà síwájú. Nígbà tí òdòdó bá yọ, kì í ṣe gbogbo ọmọ ìyá kan ni ó máa ń jọra. Àwọn ọmọ tí òbí wọn fúnra wọn jẹ́ àdàpọ̀ máa ń yàtọ̀ síra gidigidi, nítorí pé àbùdá àwọn bàbá-ńlá tún ń yọrí jáde. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, olùṣàdàpọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ lè má mú ju díẹ̀ lọ. Èyí tí ó bá mú ni yóò máa gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn, nítorí pé irúgbìn rẹ̀ kò ní bí irú rẹ̀ gan-an mọ́. Ẹ̀ka nìkan ni ó ń gbé gbogbo àbùdá rẹ̀ lọ láìyí padà.

Ohun tí ó ń mú kákítọ́ọ̀sì tanná

Kákítọ́ọ̀sì ń mí lóru. Ewéko púpọ̀ ń ṣí ihò ara wọn lọ́sàn-án láti gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n kákítọ́ọ̀sì ń dúró di alẹ́ kí oòrùn má bàa fa omi ara rẹ̀ tán. Ó ń fi afẹ́fẹ́ náà pamọ́ gẹ́gẹ́ bí omi kíkan, ó sì ń lò ó nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Àbámọdá, tí òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, wà lára ohun tí ó fi àṣírí yìí han àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù: nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1815, onímọ̀ ewéko Benjamin Heyne jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ewé rẹ̀ máa ń kan lẹ́nu ní kùtùkùtù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ọ̀sán, kíkan náà á ti lọ. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùtọ́jú ni pé alẹ́ tí ó tutù díẹ̀ ń ran kákítọ́ọ̀sì lọ́wọ́ láti ṣiṣẹ́, alẹ́ tí ó gbóná janjan sì ń dá a lágara.

Oúnjẹ kọ́ ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù, ìsinmi ni. Àwọn àdàpọ̀ tí òbí wọn wá láti orí òkè Andes ń fẹ́ oṣù mélòó kan tí omi yóò dá, tí òru yóò sì tutù, nígbà mìíràn dé ìwọ̀n 10 Celsius tàbí kí ó tilẹ̀ dín. Bí wọn kò bá rí irú àsìkò yìí, wọ́n á máa dàgbà, wọ́n á máa bí ọmọ yí ìdí wọn ká, ṣùgbọ́n wọn kò ní tanná. Kákítọ́ọ̀sì Kérésìmesì ní tirẹ̀ ń ka gígùn òru: bí òru bá ti gùn tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ibi tí ó wà sì tutù díẹ̀, ni ó ń rudi, iná mànàmáná tí a tàn sí i ní òru sì lè dá a dúró. Ìran Epiphyllum ń fẹ́ ìbòòji bí ti abẹ́ igi àti ilẹ̀ tí ó ní ewé jíjẹrà nínú, nítorí pé orí ẹ̀ka igi ni àwọn baba-ńlá wọn ń gbé. Fún gbogbo wọn, ajílẹ̀ tí pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ ju náítírójìn lọ ni ó dára, nítorí pé náítírójìn púpọ̀ ń sọ ara di bọ̀rọ̀gìdì láìrí òdòdó. Ìkòkò gbọ́dọ̀ ní ihò, omi kò sì gbọdọ̀ dúró ní ìdí wọn.

Ní ilẹ̀ tí ooru rẹ̀ kì í dín púpọ̀, irú gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, kò yẹ kí ènìyàn fi àdàpọ̀ orí òkè tútù bẹ̀rẹ̀. Ìran Selenicereus, tí èso dragon fruit ti wá, ni ó bá irú ibẹ̀ mu jù lọ. Ó ń gun òpó tàbí igi, kò béèrè òtútù, òru kan ṣoṣo ni òdòdó funfun ńlá rẹ̀ sì ń ṣí. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀yà méjì tí ó yàtọ̀ nínú rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé lẹ́búlẹ́bú láti ọ̀kan sí èkejì ní alẹ́ kan náà.

Ìwé ìran àti àwọn òbí inú igbó

Ní 1940 ni wọ́n dá Epiphyllum Society of America sílẹ̀ ní Los Angeles, ẹgbẹ́ náà sì ni ayé gbà gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú ìwé orúkọ àwọn àdàpọ̀ ìran yìí. Ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ kan fi ń kú lójú òtútù, tàbí ìdí tí òmíràn kì í fi í so irúgbìn, níláti lè tọpa rẹ̀ padà dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àgbà. Níbi tí àkọsílẹ̀ ti sọnù, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ àdàpọ̀ àtijọ́, àbá ni ó kù, ẹni tí ó sì ń fi àbá ṣe àdàpọ̀ ń tún iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe rí ṣe láìmọ̀.

Ohun kejì tí kò gbọdọ̀ sọnù ni àwọn òbí inú igbó fúnra wọn. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2015, tí ó yẹ ẹ̀yà kákítọ́ọ̀sì 1,478 wò, fi hàn pé ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ewu ìparun ń dojú kọ. Oko dídá, ilé kíkọ́, àti àwọn tí ó ń hú wọn láti inú igbó lọ tà wà lára ohun tí ó fà á. Àdéhùn CITES, tí ó ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko igbó láàárín orílẹ̀-èdè, fi ẹbí kákítọ́ọ̀sì sábẹ́ àbójútó, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn kan sílẹ̀ bí wọ́n bá jẹ́ èyí tí ènìyàn gbìn, lára wọn ni Hatiora × graeseri àti Schlumbergera × buckleyi. Òfin yìí bọ́gbọ́n mu, nítorí pé ohun tí a bí nínú ọgbà lè tẹ́ olùfẹ́ òdòdó lọ́rùn láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kan igbó.

Nítorí náà, kí ẹni tí yóò ra kákítọ́ọ̀sì ra èyí tí wọ́n gbìn, kí ó má ra èyí tí wọ́n hú. Kí ẹni tí yóò ṣe àdàpọ̀ sì kọ orúkọ ìyá àti ti bàbá sílẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó fi ẹ̀dà ìwé náà àti ẹ̀ka ewéko náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí a kò mọ òbí rẹ̀ lè lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ní ohunkóhun.